Lẹ́tà Mẹ́jọ

Ẹ jẹ́ kí n ti orí òótọ́ bẹ̀rẹ̀: mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Kì í ṣe pé n kì í ṣẹ èèyàn o. Mo máa ń ṣẹ̀ wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n láti ọdún méjìdínlógójì tí mo ti fẹ́ ìyàwó mi, "má bínú" kò tíì gba ẹnu mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí. Tí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, mo ní bí mo ṣe ń ṣe é. Mo lè bá a tún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣe tó ti ń ké láti ìgbà pípẹ́. Mo lè lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kí n wúkọ́, kí n bi í pé, "O ti jẹun?", nígbà tó jẹ́ pé ìṣojú mi ló ṣe fọ abọ́ tó fi jẹun tán. Obìnrin tó bá lóye yóò mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó mi lóye. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rò pé ọ̀rọ̀ náà máa dé ibi tó dé.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo fi ogójì ọdún ṣe. Kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Ti òjé ni, èyí tí à ń ṣa lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí à ń tò ó sínú férémù, tí à ń fi yíǹkì pa á lójú, kí ẹ̀rọ tó ga ju èèyàn lọ tó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé gbàm. Ọ̀gá Àmì ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, nítorí mi ò lè fara dà á kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ jáde láìfi àmì sí i lórí, kí wọ́n má sì fi sí i lábẹ́. Àwọn òǹkọ̀wé kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá rí mi lókèèrè, wọ́n á yà gba ẹ̀yìnkùlé.

Agbẹ̀bí ni ìyàwó tèmi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbẹ̀bí nílé ìwòsàn kan ṣoṣo kó tó fẹ̀yìn tì. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n kọ̀wé sí i níbẹ̀ pé kó wá bá àwọn agbẹ̀bí tuntun sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ní aago méjì ọ̀sán, pé ọkọ̀ máa wá gbé e ní aago kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ń fi ìka méjì tẹ ohun tó fẹ́ sọ. Ojú ewé mẹ́fà ni. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó pè mí sí pálọ̀, ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó ní kí n gbọ́ ọ wò.

Mo gbọ́ ojú ewé kìíní. Mo gbọ́ ìkejì. Nígbà tó kan ìkẹta, ẹ̀yin èèyàn mi, oúnjẹ ọ̀sán ti rìn wọ ojú mi, fáànù sì kọjú sí mi tààrà. Mo sùn lọ. Wọ́n ní mo tún hanrun. Nígbà tí mo máa fi lajú, ó ti pa kọ̀ǹpútà dé, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń wò mí. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n wúkọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo lanu, mo ní, "Ó ti gùn jù. Ta ló fẹ́ jókòó gbọ́ gbogbo ìyẹn?"

Ẹyin lohùn. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Obìnrin náà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọ yàrá, láti ọjọ́ náà kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Kò bú mi, kò di ẹrù, oúnjẹ mi ń dé orí tábìlì lásìkò. Ohùn rẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ilé wa pa lọ́lọ́ débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí fíríìjì ń sọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo tún kọ́bọ́ọ̀dù ṣe. Kò wò ó. Lọ́jọ́rú, mo wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná títí ọ̀fun fi ń dùn mí. Ó gbé oògùn ikọ́ ka orí tábìlì, ó bá tirẹ̀ lọ. Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, wáìfáì ilé náà tún kú lórí fóònù mi láti ọjọ́ Ajé yẹn kan náà. Mi ò rí bọ́ọ̀lù wò, mi ò rí ìròyìn kà. Ojoojúmọ́ ni mò ń pe ilé iṣẹ́ tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì, tí mò ń sọ ohun tó wà nínú mi fún wọn. Ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù níbẹ̀ ń tẹnu mọ́ ọn pé, "Bàbá, lọ́dọ̀ tiwa níbí, ó ń ṣiṣẹ́." Mo ní irọ́ ló ń pa. Mo sọ nǹkan nípa òun àti ọ̀gá rẹ̀ tí mi ò ní tún sọ níbí.

Bí a ṣe wà nìyẹn títí di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Mo rí i tó ki kọ̀ǹpútà bọ inú àpò, tó ń wá bàtà. Mo mọ ibi tó ń lọ. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní oríta tí wọ́n ti ń tẹ̀wé fún gbogbo ayé. Kò lè ka ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ojú rẹ̀ kò gbé e mọ́, kò sì fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà dúró níwájú àwọn ọmọ bí ẹni gbé àtẹ. Ìwé ló fẹ́. Inú bí mi. Ìyàwó atẹ̀wé! Kó lọ tò sẹ́yìn àwọn ọmọ iléèwé nítorí ojú ewé mẹ́fà! Ìgbà náà ni mo rántí páálí kan tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àkọ́bí wa obìnrin ló fi ránṣẹ́ sí wa ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tí wọ́n ń lò nínú ilé. Mo ti gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí àrífín ni mo kà á sí.

"Má lọ síbì kankan," mo sọ fún ìyàwó mi. "Màá tẹ̀ ẹ́ fún ọ nínú ilé yìí. Kí aago kan tó lù, á ti wà lọ́wọ́ rẹ."

Ó wo aago ara ògiri. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó bọ́ bàtà, ó padà wọ yàrá. Èmi náà mọ̀ pé tí aago kan bá lù tí ìwé yẹn ò sí, ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì kọjá ohun tí kọ́bọ́ọ̀dù lè tún ṣe.

Mo tú páálí. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Nǹkan funfun kan ni, kò ju páálí bàtà méjì tí wọ́n gbé léra wọn lọ. Ọwọ́ kan ni mo fi gbé e. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí èèyàn ń fi ọwọ́ kan gbé! Tiwa níbi iṣẹ́, ọkùnrin mẹ́wàá ló gbé e wọlé, ọ̀kan nínú wọn kò sì lè nàró dáadáa mọ́ títí ó fi fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo ṣí téèpù aláwọ̀ búlúù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níwájú, lẹ́yìn àti lábẹ́ ìdérí. Mo ti agolo yíǹkì méjèèjì bọ inú ihò wọn títí wọ́n fi dún kó. Mo gbọn etí ìwé kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra, mo tò ó sínú àtẹ rẹ̀. Títí débí, ó rọrùn bí ẹ̀kọ mímu.

Okùn ló dá wàhálà sílẹ̀. Okùn kan péré ló wà nínú páálí, ti iná. Mo wá ìkejì, èyí tó yẹ kó so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo gbọn páálí. Mo tú gbogbo ọ̀rá inú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo pe ọmọ wa lórí fóònù.

"Bàbá mi, ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé dáadáa ni?"

"Wọ́n ti jí okùn ẹ̀rọ tó o rà."

"Okùn wo, Bàbá?"

"Èyí tí ọ̀rọ̀ máa gbà kọjá."

"Kò ní okùn kankan. Wáìfáì ló fi ń gba ọ̀rọ̀."

"Inú afẹ́fẹ́?"

"Inú afẹ́fẹ́ ni, sà."

"Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ á gba inú afẹ́fẹ́ láti yàrá, á wá balẹ̀ sórí ìwé ní pálọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Mo wo ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kò ti gba inú afẹ́fẹ́ ilé yẹn dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ẹ tẹ ibi tí wọ́n ya àmì wáìfáì sí lójú ẹ̀rọ náà," ó ní. "Á bi yín ní pásíwọ́ọ̀dù. Mọ́mì mọ̀ ọ́n, ẹ bi wọ́n. Bàbá, wọ́n ń pè mí sí ìpàdé, màá pè yín padà."

Mo tẹ̀ ẹ́. Lójú ẹ̀rọ náà, tí kò fẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ páálí ìṣáná lọ, orúkọ wáìfáì ilé wa jáde wá. Inú mi dùn. Mo ní ṣé ẹ rí i, ẹnu mi ti mú ilé iṣẹ́ yẹn tún un ṣe. Iná búlúù kékeré kan ń ṣẹ́jú, ó ń dúró dè mí.

"Ìyá àwọn ọmọ!" mo ké sí yàrá. "Kí ni pásíwọ́ọ̀dù wáìfáì?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé, mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi.

"Ẹ má bínú o."

Ẹ ò lè mọ bí ara mi ṣe balẹ̀ tó. Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀, mo lọ fara ti ẹnu ọ̀nà yàrá, mo ki ọwọ́ bọ àpò. Aṣọ tó máa wọ̀ jáde ló ń lọ̀.

"Ó ti tán," mo ní. "Mo ti gbàgbé ẹ̀. Ta ni kì í ṣe àṣìṣe? Ahọ́n àti ẹnu náà máa ń jà."

Ó gbé ojú sókè, ó wò mí bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń wo aláìsàn tó ní abẹ́rẹ́ kò ní kan òun. Lẹ́yìn náà ó padà sórí aṣọ rẹ̀. Mo sú fèé padà sí pálọ̀. Ìgbà tí mo jókòó ni mo tó rántí pé kò tíì dá mi lóhùn.

"Ìyá àwọn ọmọ! Pásíwọ́ọ̀dù ńkọ́?"

"Ẹ má bínú o."

"Mo ní mo ti dárí jì ọ́! Pásíwọ́ọ̀dù ni mò ń bèèrè!"

"Ẹ má bínú o!" Ó pariwo rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí bí ẹni tó ń lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní ẹ̀rí ọkàn ń jẹ obìnrin yìí ju bí mo ṣe rò lọ, tí mo bá tún bi í, ó lè bú sẹ́kún, ojú rẹ̀ á sì wú lọ síwájú àwọn ọmọ tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ọkọ rere ò gbọ́dọ̀ fa ìyẹn. Mo pinnu láti wá pásíwọ́ọ̀dù náà fúnra mi.

Ẹ̀rọ yẹn kò ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ lẹ́tà sí. Ọfà mẹ́rin ló ní, òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, èèyàn á máa fi ọfà rìn láàrin àwọn lẹ́tà wínníwínní títí á fi bá èyí tó ń wá. Mo tẹ ọdún tí a ṣe ìgbéyàwó. Ẹ̀rọ náà ké pííì, ó kọ̀ ọ́. Mo tẹ orúkọ àkọ́bí wa. Pííì. Mo tẹ orúkọ ilé ìwòsàn. Ọfà yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tó ku lẹ́tà kan, mo tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Pííì. Mo ní ó dáa, kí n tẹ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀, agbẹ̀bí. Mo tẹ a, mo tẹ gb, mo wá ẹ. Mo rin gbogbo lẹ́tà já lẹ́ẹ̀mẹ́ta. E lásán ló wà níbẹ̀, ẹ tó ní àmì lábẹ́ kò sí. Mo bú ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà, mo bú ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ìwé odindi ni mo ti tò rí láàrin àkókò tí mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí. Nígbà tí mo gbójú sókè, aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti kọjá.

Fóònù dún. Ọmọ wa ni.

"Bàbá, ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?"

"Ìyá rẹ kò sọ pásíwọ́ọ̀dù fún mi."

"Ṣé ẹ bi wọ́n?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo bi í."

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

Mo rẹ ohùn sílẹ̀ kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́. "Ó ń bẹ̀ mí ṣáá ni. Mo tiẹ̀ ti dárí jì í, síbẹ̀ kò yé bẹ̀bẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo gan-an ni wọ́n sọ, Bàbá?"

"Ó ní, 'Ẹ má bínú o.'"

Mo gbọ́ tí nǹkan já bọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹ̀rín. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín débi pé mo ń gbọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tó ń bi í pé kí ló dé. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rín tún gbé e lọ.

"Bàbá mi," ó wí nígbà tó rí ohùn, "ìyẹn gan-an ni. Òun ni pásíwọ́ọ̀dù."

"Kí ni?"

"Ẹ má bínú o. Mọ́mì pè mí lọ́jọ́ Ajé pé kí n bá àwọn pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n ní ẹ ò ní fojú kan bọ́ọ̀lù nínú ilé yẹn mọ́, àfi tẹ́ ẹ bá lè sọ gbólóhùn yẹn."

Lọ́jọ́ Ajé. Mo rántí ọmọbìnrin ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rántí ohun tí mo sọ nípa ọ̀gá rẹ̀. Mo wá rántí ara mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ọwọ́ nínú àpò, tí mò ń dárí ji obìnrin tí mo ṣẹ̀. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Àgbà tí ojú bá tì, inú ló máa ń kọ́kọ́ bí i.

"Mi ò ní tẹ̀ ẹ́," mo ní.

"Bàbá, aago méjìlá ti kù fẹ́ẹ́rẹ́."

Mo gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa jáde síta. Mo mú ọfà. Mo wá m, mo wá a, mo wá b. Mo tẹ̀ ẹ́ títí dé u. Pííì.

"Kò gbà á."

"Kí lẹ tẹ̀?"

"Má bínú."

"Ẹ ti gbàgbé 'ẹ' tó wà níwájú."

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Ọkọ kì í sọ 'ẹ' fún ìyàwó. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá, pirintà lẹ ń bá sọ̀rọ̀."

"Pirintà náà, mo jù ú lọ!"

Mo mọ̀ pé ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo wo aago, mo fi ọfà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. "'Ẹ' ò sí níbí," mo ní. "'E' ló wà."

"Ẹ tẹ 'e' yẹn náà."

"E má bínú? Kí ni ìyẹn ń jẹ́? Èmi, tí mo fi ogójì ọdún..."

"Bàbá!"

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó rí lára mi bí ìgbà tí èèyàn jáde láìwọ ṣòkòtò. Ẹ̀rọ náà tún ké, pííì.

"Ṣé ẹ fi 'o' sí ìparí ẹ̀?" ọmọ mi bèèrè.

"Èwo tún ni 'o'?"

"Ẹ má bínú *o*. Wáìfáì kì í gba pásíwọ́ọ̀dù tí kò bá pé lẹ́tà mẹ́jọ. Méje ni tiwọn. Mo ní kí Mọ́mì fi nọ́ńbà kan kún un, wọ́n ní rárá, àwọn mọ ohun tó kù. Wọ́n ní ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ tọkàntọkàn máa ń fi 'o' sí i."

Mo tẹ o. Iná búlúù tó ti ń ṣẹ́jú sí mi láti àárọ̀ dá dúró. Kò ṣẹ́jú mọ́. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Tẹ̀ ẹ́ wá!" mo kígbe sí yàrá. Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Pirintà kùn, ó gbé ìwé kan mì, ó pọ̀ ọ́ síwájú mi. Mo wò ó bí mo ṣe ń wo iṣẹ́ àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́. Etí rẹ̀ gún, yíǹkì rẹ̀ mọ́. Mo wá àbùkù, mo sì rí i: kò sí àmì. Látòkè délẹ̀, ìyàwó Ọ̀gá Àmì kò fi àmì kan ṣoṣo sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ojú ewé kejì jáde. Nígbà tó kan ìkẹta, nǹkan dún kẹrẹrẹ nínú ẹ̀rọ, ó dá dúró, iná pupa tàn.

Ìwé ló há. Ibi tí mo mọ̀ nìyẹn. Mo pa á, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì fa ìwé náà díẹ̀díẹ̀ síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe síbi tó ti ń bọ̀, kó má baà ya. Ó jáde, ó ti rún wómúwómú. Mo nà án lórí itan mi láti wò ó bóyá yíǹkì fara kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, tí mò ń fi ojú fi àmì sí i bí mo ṣe ń lọ.

"Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," ni ìyàwó mi kọ, "ìyá ọmọ kan kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo délé, mo ká aṣọ iṣẹ́ mi sínú àpótí, mo ní mi ò ṣe mọ́. Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan. Kì í sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó gbé àádọ́ta káàdì bọ̀ láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ mi ló tẹ̀ sí i, ó sì tẹ 'Agbẹ̀bí' sí abẹ́ rẹ̀. Òjé lẹ́tà ẹ ti jẹ ní ilé ìtẹ̀wé wọn, àmì abẹ́ rẹ̀ ò hàn mọ́, ó bá jókòó sí tábìlì wa, ó ń fi ẹnu kálàmù kán àmì náà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, káàdì àádọ́ta. Ó ní èèyàn kì í fi ìdajì lẹ́tà pe iṣẹ́ gidi. Mi ò rí bí mo ṣe lè sọ fún un pé mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ burúkú ń bọ̀ wá bá yín lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kí ẹ ní ẹni tó máa bá yín fi àmì sí orúkọ yín."

Ibi tí mo ti sùn nìyẹn.

Mo ti gbàgbé káàdì náà. Mo fi Ọlọ́run búra, mo ti gbàgbé rẹ̀. Òun kò gbàgbé, ó gbé e pamọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, ó jókòó tì mí ní pálọ̀ láti kà á fún mi, mo sì hanrun sí i. Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. "Bàbá, ẹ ń gbọ́?" ni ọmọ mi ń wí nínú fóònù. Mo ní kó máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Mo tan ẹ̀rọ padà. Ìkẹta tún jáde, ó mọ́, lẹ́yìn náà ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí aago kan lù. Mo mú kálàmù mi, mo dorí kodò sórí ojú ewé kẹta, mo fi àmì sí i, lókè àti lábẹ́, láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Ọwọ́ mi kò yá bíi ti àtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò fo ọ̀kan.

Ó dúró níwájú dígí, ó ń ki yẹtí bọ etí, nígbà tí mo gbé ìwé náà kalẹ̀ fún un. Mo fi ìkẹta sórí. Ó mú un, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó fi àtàǹpàkò kan àmì kan, yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ, ó sì wo àtàǹpàkò rẹ̀. Fèrè ọkọ̀ dún níta.

Mo wúkọ́. "O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun," ó ní.

Ó to ìwé rẹ̀ sínú àpò, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ti tán nílẹ̀. Mo ti tún nǹkan ṣe, mo ti wúkọ́, mo ti fi àmì sí i, obìnrin náà ṣì ń lọ.

"Má bínú," mo ní. Kò jáde dáadáa.

Ó dúró. Kò yíjú padà. "Kò tíì pé," ó ní. "Ẹ ò tíì sọ ọ́ tó lẹ́tà mẹ́jọ."

Fèrè tún dún. Ọdún méjìdínlógójì. Ẹnu mi gbẹ bí ìgbà tí mo lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

"Ẹ má bínú o."

Ó yíjú padà. Ó wò mí títí tí mo fi rò pé bóyá ó tún kù síbì kan.

"Ẹ lọ wọ bàtà yín," ó ní. "Àyè ẹnì kan ṣì kù nínú ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá tún sùn, níwájú àwọn ọmọ yẹn ni màá ti jí yín."

Mi ò sùn. Ìlà kejì ni mo jókòó sí. Nígbà tó dé ojú ewé kẹta, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú sókè kúrò lórí ìwé, ó rí i pé ojú mi là, ó sì ń kà á lọ.